"Tí" Kan, Iṣẹ́ Márùn-ún: Lílo Yorùbá láti Kọ́ni ní Awẹ́ Gbólóhùn Aṣàpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá kò pin sí kíláàsì Yorùbá nìkan. Ọmọ tí a kọ́ ní gírámà Yorùbá láàárọ̀ náà ni yóò jókòó níwájú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án, orí kan náà ni yóò sì lò. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ìdánwò WAEC, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò dúró sí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí ohun tí ọmọ ti mọ̀ nípa "tí" ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láti yan èyí tí ó tọ́ nínú "who", "whom", "whose", "which" àti "that".

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìṣòro wà. "Tí" kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe, ìbáà ṣe ènìyàn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe nǹkan. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) ọmọ tí ó ra ìwé
(2) ọmọ tí olùkọ́ pè
(3) ọmọ tí ìwé rẹ̀ sọnù

"Tí" kò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yóò lo "who" fún (1), "whom" fún (2), àti "whose" fún (3). Bí ọmọ bá gbé ètò Yorùbá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò kọ ni "the boy who he bought a book" àti "the boy that his book is lost". Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní àwọn ẹ̀kọ́ yòókù ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lójú tiwa, Yorùbá ti fi àmì hàn. Àwa ni a kò kọ́ ọmọ láti wò ó. Àmì náà kò sí lára "tí", inú awẹ́ gbólóhùn ni ó wà. Ní (1), "ó" wà ní ipò olùwà: "ó" yìí ni ó pe "who" wá. Ní (2), olùkọ́ ni olùwà, àyè àbọ̀ sì ṣófo lẹ́yìn "pè": àyè òfìfo yìí ni ó pe "whom" wá. Ní (3), "rẹ̀" tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ: òun ni ó pe "whose" wá. Kí ọmọ sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ti kó "ó" àti "rẹ̀" sínú "who" àti "whose". Kò gbọdọ̀ tún wọn kọ mọ́. Bí "tí ó" bá ti di "tó", kí ó kọ́kọ́ tú u. Bí ẹni tí à ń sọ bá ju ẹyọ kan lọ, "wọ́n" àti "wọn" ni yóò máa wò.

Àmì yìí wúlò níbi tí àwọn tí wọ́n ni Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti máa ń ṣì í:

(4) obìnrin tí a rò pé ó ta ilẹ̀ náà
(5) obìnrin tí a rò pé Ọba pè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ "whom" fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n "ó" tí ó wà lẹ́yìn "pé" ní (4) fi hàn pé "the woman who we thought sold the land" ni ó tọ́. Ní (5), àyè ṣófo lẹ́yìn "pè", nítorí náà "the woman whom we thought the Oba had summoned" ni a óò kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ yóò bèèrè bóyá ènìyàn ni tàbí nǹkan. Ní Ojúde Ọba, tí à ń ṣe ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn agẹṣin gba "who", àwọn ẹṣin gba "which". Bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, "that" ni ó yẹ: "the riders and horses that filled the ground". Ọmọ lè bèèrè ìdí tí Àdúrà Olúwa nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 fi lo "which" fún Baba. Kí a dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ nígbà náà. Ìlò ti yí padà láti ìgbà náà wá.

"That" lè dípò "who", "whom" tàbí "which", ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí kò lè dé. Èkíní ni ibi tí awẹ́ gbólóhùn kàn fi ìròyìn kún orúkọ ẹni tí a ti mọ̀, bí i "Ọba Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní 2025". Kọ́mà àti "who" ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò níbẹ̀. Èkejì ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ atọ́kùn gan-an. "Ọ̀bẹ tí a fi gé iṣu" yóò di "the knife with which we cut the yam". Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, "whom" ni dandan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń fi "who" rọ́pò rẹ̀ níbòmíràn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa ni pé kí ọmọ kọ gbólóhùn Yorùbá sílẹ̀ ná, kí ó fa ìlà sábẹ́ "ó" tàbí "rẹ̀" tàbí kí ó fi àmì sí àyè òfìfo, kí ó bèèrè bóyá ènìyàn ni tàbí nǹkan, lẹ́yìn náà ni kí ó tó kọ Gẹ̀ẹ́sì. Kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé kan náà jọ jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí orúkọ tí wọn yóò máa pe olùwà àti àbọ̀. Ọmọ tí ó bá mọ iṣẹ́ tí "ó" ń ṣe ní èdè abínibí rẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tí wọn yóò bi í ní ti èdè kejì.