Bí Gẹdú Ti Ń Gun Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Kò sí ará Ìkálẹ̀ tí kò mọ ọkọ̀ tí à ń pè ní agbégilódò. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń gbé igi lọ sí odò. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, dé Ikoya, Ayé àti Igbótákò, ní igbó lẹ́yìn, ó sì ní omi níwájú. Inú igbó ni gẹdú ti ń wá. Etí odò ni wọ́n sì ti ń so ó pọ̀ bí ẹní, tí wọ́n sì ń fi omi darí rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ sí Èkó, níbi tí àwọn onípákó Òkò Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ti ń retí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí karùn-ún, yóò rántí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ènìyàn Hírámù ṣe fi òkun kó igi kédárì láti Lẹ́bánónì wá fún Sólómọ́nì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ. Omi a máa ru gẹdú láìráhùn, pàápàá irú arère tí ó fúyẹ́. Àárín kùkùté àti odò ni wàhálà wà, èyí tí ó sì burú jùlọ nínú rẹ̀ ni ìwọ̀nba ìgbésẹ̀ díẹ̀ tí ó ti orí ilẹ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń fi ara pa sí. Níbẹ̀ náà ni ọgbọ́n àwọn baba wa sì ti hàn jùlọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìtì ìrókò kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ó bá tútù, ìwúwo rẹ̀ yóò tó tọ́ọ̀nù 3, èyí tí ó ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì lọ. Kò sí iye alágbára tí ó lè yí i ká kí wọ́n sì gbé e sókè ṣánṣán. Àyè ọwọ́ gan-an kò tó. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ agbẹ́rù ni í fi ọwọ́ irin gbá a mú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onígẹdú kékeré kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì rí i yá, ọ̀nà inú igbó lè má gbà á. Nítorí náà, okùn, ọ̀pá, jáàkì àti ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá ni wọ́n ń lò.

Ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé òun ni àwọn aláìmọ̀kan kì í kà sí. Olórí òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́n kò ní jẹ́ kí awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró síbi tí ó bá wù ú. Yóò wá ibi tí ilẹ̀ gbé ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, yóò sì ní kí a fi ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sì sí irú ibẹ̀, yóò ní kí a gbẹ́ kòtò tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò wọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì ní wákàtí kan lè dín gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ kù láti ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2, gbogbo òógùn tí ì bá bá ẹsẹ̀ bàtà 2 yòókù lọ ni a sì ti fi pamọ́ yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gé igi méjì tí ó lágbára, wọn yóò fi orí wọn ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọn yóò sì fi ìdí wọn rì mọ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n ní igi ìgòkè. Ìṣirò wọn kò le. Bí a kò bá rí àyè gbẹ́ kòtò, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí igi ìgòkè gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, gẹdú yóò rìn ní ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tí ì bá rìn bí a bá gbé e sókè gbọnrangandan. Ṣùgbọ́n ìdámẹ́ta ìwúwo rẹ̀ péré ni àwọn tí ń fà á yóò bá jà. Igi ìgòkè ni ó ru ìyókù. Tọ́ọ̀nù 3 ti di 1.

Okùn ni ó wá kù, òun sì ni ó wù wá jù. A ó so ìdí okùn mọ́ irin ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí gẹdú yóò gbà gòkè. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ gẹdú, a ó gbà á kọjá lábẹ́ rẹ̀, a ó fà á padà gba orí rẹ̀, a ó sì jù ú rékọjá ọkọ̀ sí apá kejì, níbi tí àwọn tí yóò fà á dúró sí. Okùn méjì bẹ́ẹ̀ ni à ń lò, ọ̀kan níhà ìdí, ọ̀kan níhà orí. Bí wọ́n bá ti ń fà á, gẹdú yóò máa yí nínú okùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń yí nínú aṣọ ìbora. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n yóò rí i pé bí okùn bá wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹsẹ̀ bàtà 1 ni gẹdú gòkè. Nítorí náà, ìdajì agbára ni ó tó. Tọ́ọ̀nù 1 ti di ààbọ̀. Bí ọkùnrin 12 bá pín in láàárín ara wọn, bíi kílò 42 ni ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan, èyí tí kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí èèpo igi àti okùn tí ń ha ara wọn yóò jẹ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti igbó wa nìkan. Àwọn atukọ̀ òkun ti ń fi í yí àgbá láti ìgbà pípẹ́. Ní oṣù January ọdún 2012, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, Costa Concordia, kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, ènìyàn 32 sì kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e dìde ní oṣù September ọdún 2013, wọn kò gbé e sókè. Wọ́n fi okùn irin fà á yí díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 19, títí ó fi nàró. Bí gẹdú ti ń yí ni ọkọ̀ náà yí.

Nísinsin yìí, ohun tí kì í hàn sí ẹni tí ó dúró lókèèrè: ìdí gẹdú nípọn ju orí rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìdí ti rìn jìnnà ju orí lọ, gẹdú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dábùú. Bí a bá jẹ́ kí ó dábùú tán, yóò bọ́ lórí igi ìgòkè kan. Nítorí èyí ni olórí òṣìṣẹ́ fi ń ké, tí àwọn tó ń fa ìdí fi ń dúró díẹ̀ kí àwọn tó ń fa orí lè bá wọn. Ohùn kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ níbẹ̀. Níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe ọmọ yín kúrò.

Gbogbo ìgbà tí gẹdú bá gòkè díẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi igi ìdènà há a lẹ́yìn, kí ó má lè padà. A mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń fún ní iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó dàbí ẹni pé kò gba agbára. A kò sì rí àṣà tí ó burú tó o. Ẹni tí ń há igi ìdènà ni ó sún mọ́ ikú jù. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti là ni ó yẹ kí ó ṣe é, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìgòkè, kí ó sì fi ọ̀pá gígùn ti ìdènà náà sí àyè rẹ̀. Kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ tì í, kí ó má sì ṣe bọ́ sí àárín igi méjèèjì láé. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í yẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó wà nídìí gẹdú ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jùlọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má dúró ní tààrà ẹ̀yìn okùn tí a fà le, nítorí okùn tí ó bá já a máa padà bí pàṣán. Ní àkókò òjò, nígbà tí èèpo igi bá ń yọ̀ bí ilá, kí a bó èèpo igi ìgòkè, kí a sì da iyanrìn sí i lórí, tàbí kí a sùúrù di ọ̀la.

Ní òde òní, ọ̀pọ̀ onígẹdú ti ń fi ẹ̀rọ ayùn la igi sí pákó nínú igbó, èyí sì ti dín iṣẹ́ yìí kù. Síbẹ̀, níbi tí ìtì odindi bá ti jáde, ọ̀nà tí a sọ yìí ni wọ́n ṣì ń tọ̀ níbi tí ẹ̀rọ kò bá dé. Ìyàwó tàbí ìyá tí ó bá ń di oúnjẹ fún ẹni tí ń lọ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ta ni yóò há igi ìdènà lónìí?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ irú ọ̀gá tí ó ń bá ṣiṣẹ́ fún un.

Nígbà tí ìtì tí ó tóbi jù bá ti jókòó sí ìsàlẹ̀, tí àwọn kékeré gùn ún, wọn yóò fi ẹ̀wọ̀n irin dì wọ́n, wọn yóò sì fi òpó dá wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní etí odò, ìsọ̀kalẹ̀ kì í pẹ́: a ó tú ẹ̀wọ̀n, gẹdú yóò sì dà wálẹ̀ gbàùgbàù. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, níbi tí gẹdú kò ní gbà bọ́, ni ẹni tí ń tú ẹ̀wọ̀n ti gbọ́dọ̀ dúró.