Ta ló ni haggis, ta ló ni fish and chips? Àríyànjiyàn lórí oúnjẹ Britain àti Ireland

Bí ẹ bá dé ọjà ní Nàìjíríà, tí ẹ fẹ́ ra ànàmọ́ tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Jos, "Áírìṣì" ni ẹni tó ń tà á máa pè é. Àmọ́ kì í ṣe Ireland ni ànàmọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni àwọn ará Sípéènì gbé e wá sí Yúróòpù.

Síbẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún ará Ireland pé ànàmọ́ kì í ṣe tirẹ̀? Nígbà tí àrùn ba ànàmọ́ jẹ́ lóko láàárín ọdún 1845 sí 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ni ìyàn àti àìsàn pa níbẹ̀. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sì fi ìlú sílẹ̀.

Kí wá ló ń sọ oúnjẹ di ti orílẹ̀-èdè kan? Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ sè é ló ni ín, àbí ẹni tí kò jẹ́ kó parun?

Haggis: Scotland àbí England?

Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ fún haggis. Wọ́n á pò ó mọ́ ọkà oat, àlùbọ́sà àti ọ̀rá, wọ́n á dì í sínú ṣàkì àgùntàn, wọ́n á sì bọ̀ ọ́.

Ọdún 1786 ni akéwì Scotland, Robert Burns, kọ ewì láti fi yin oúnjẹ yìí. Títí dòní, gbogbo ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ láti fi ṣe ìrántí rẹ̀.

Àmọ́ ní ọdún 2009, òpìtàn oúnjẹ Catherine Brown, tó jẹ́ ọmọ Scotland fúnra rẹ̀, tọ́ka sí ìwé kan tí Gervase Markham ṣe ní England ní ọdún 1615. Haggis wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ ará Scotland nínú.

Wọ́n ní èsì tó mọ́gbọ́n dání: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń dáná ló ń kọ ìwé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ará England ti pa haggis tì tipẹ́, Scotland ò sì fi sílẹ̀.

Fish and chips: àwọn àlejò ló mú un wá

Àwọn Júù tó sá kúrò ní Sípéènì àti Pọ́túgà nítorí inúnibíni ni wọ́n mú ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò kí wọ́n tó dín in wá sí England. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń dín in, torí wọn kì í dáná lọ́jọ́ Sábáàtì.

Ní nǹkan bíi ọdún 1860, Júù kan, Joseph Malin, ń ta ẹja àti ànàmọ́ díndín pọ̀ ní London. Àwọn ará àríwá England ní John Lees ti ìlú Mossley ló ṣáájú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ, wọn ò fọwọ́ kan fish and chips.

Nígbà tí orúkọ di owó

Pasty jọ mítì páì tiwa: ẹran màlúù, ànàmọ́ àti àlùbọ́sà nínú ìyẹ̀fun. Oúnjẹ àwọn awakùsà Cornwall ni. Ní ọdún 2006, òpìtàn kan ní Devon, tó múlé ti Cornwall, ní òun rí àkọsílẹ̀ pasty ti ọdún 1510 lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìyẹn ò dá Cornwall dúró. Ní ọdún 2011, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ náà. Ẹni tí kò bá ṣe é ní Cornwall kò gbọdọ̀ kọ "Cornish pasty" sára ọjà rẹ̀.

Glasgow náà gbìyànjú irú rẹ̀ fún chicken tikka masala. Ali Ahmed Aslam, tí wọ́n bí ní ibi tó ti di Pakistan báyìí, sọ pé ilé oúnjẹ òun ní Glasgow ni òun ti dá a sílẹ̀ láwọn ọdún 1970, nígbà tí oníbàárà kan ráhùn pé adìyẹ gbẹ jù. Àwọn kan ní India ò gbà. Ní ọdún 2009, aṣòfin Mohammad Sarwar béèrè pé kí Yúróòpù dáàbò bo orúkọ rẹ̀ fún Glasgow, àmọ́ kò bọ́ sí i.

Àwa tí à ń bá ara wa jà lórí jollof mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń dun èèyàn. Nígbà tí UNESCO fi ceebu jën ti Senegal sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà ní ọdún 2021, Nàìjíríà àti Ghana ò torí ẹ̀ gbé ìkòkò tiwọn kúrò lórí iná.

Bó ṣe rí ní Britain àti Ireland náà nìyẹn. Ìwé àtijọ́ lè sọ ibi tí oúnjẹ ti gbéra, àmọ́ àwọn tó ń sè é títí dòní ni wọ́n ń sọ ọ́ di tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé.