Ohun Tí Ó Ṣẹ́kù Lára Òntẹ̀ Fàdákà

Fàdákà, ẹ̀ṣọ́ ọlọ́lá, a-dán-bí-òṣùpá, rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ fi ní láti po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó lè le. Níbi àpòpọ̀ yìí ni ẹ̀tàn ti ń wọlé, nítorí ojú lásán kò lè mọ ìgbà tí bàbà pọ̀ jù; ìdí nìyí tí Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pàṣẹ ní ọdún 1300 pé ohun-èlò fàdákà kankan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rọ ọ́ títí àwọn àgbà iṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò sì lu òntẹ̀ orí ẹkùn sí i. Ní 1544 ni kìnnìún tí ń rìn tẹ̀ lé e, ẹlẹ́rìí pé nínú ìdá 1000, 925 jẹ́ fàdákà. Àmì ìlú, lẹ́tà ọdún àti lẹ́tà orúkọ oníṣẹ́ sì máa ń bá a rìn.

Ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ kì í ṣe àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ara ń gbò ó, aṣọ ń ha á, ẹni tí ó ni ín ń nù ún kí ó lè dán; òrùka tí a gé tí a sì tún jó pọ̀ kí ó lè bá ìka mìíràn mu lè pàdánù ìdajì òntẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lójú tèmi, àwòrán ni ọ̀pọ̀ òǹrajà ń wá, bẹ́ẹ̀ àwòrán gan-an ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ parẹ́, tí ààlà tí ó yí i ká yóò sì kù. Ẹni tí ó gbọ́ “Ọ̀pómúléró” lẹ́nu arúgbó tí ó ti gbàgbé ìyókù oríkì náà ṣáà ti mọ orílẹ̀ tí a ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣéènì aago àpò ti ayé Ọbabìnrin Victoria, èyí tí a fi orúkọ ọkọ rẹ̀, Albert, pè. Ojú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ó sábà máa ń ní kìnnìún tirẹ̀, tí òntẹ̀ yòókù sì máa ń wà lára ọ̀pá kékeré tí a ń fi há ihò bọ́tìnnì. Níhìn-ín, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ó kù. Lọ́hùn-ún, ìrù tí ó ká sẹ́yìn ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, a kó wọn jọ, kìnnìún sì pé. Bí irin ẹlẹ́nu méjì bá hàn lára ọ̀pá náà, ìdákọ̀ró ni, Birmingham ni ó ti wá. Ìtàn sọ pé ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Crown and Anchor (Adé àti Ìdákọ̀ró) ní London ni àwọn ará Birmingham àti Sheffield ti ń pàdé nígbà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ilé àyẹ̀wò fàdákà tiwọn ní 1773. Sheffield mú adé, Birmingham tí kò gbúròó ìgbì òkun rí sì ń fi ìdákọ̀ró yangàn. Bí lẹ́tà ọdún bá ti fọ́, ẹ wo ìrísí asà tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí bí a bá ti ka àwọn lẹ́tà dópin ni a máa ń pààrọ̀ ìrísí asà náà.

Àwọn Faransé gbọ́n lọ́nà mìíràn. Ní 1838, orí ìmàdò ni Paris bẹ̀rẹ̀ sí í lù sí ohun fàdákà kéékèèké, tí àwọn ìgbèríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu alákàn; ṣùgbọ́n irin tí a fi ń tì wọ́n lẹ́yìn, kòkòrò wẹ́wẹ́ ni a fín sí i, tí ó fi jẹ́ pé bí ìmàdò bá ti pa rẹ́ lójú, apá kòkòrò lè ṣì wà lódìkejì.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, kí òjìji lè bọ́ sínú ihò òntẹ̀. Kí a sì máa yí ohun náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awò tí í sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí a kò bá rí nǹkan kan, kò tíì di ayédèrú, nítorí òfin yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ohun fífúyẹ́ láìsí òntẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí a fura sí ni lẹ́tà mẹ́rin, E, P, N, S, tí a tò sínú asà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ìyá kìnnìún, tí ó sì jẹ́ pé fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi bo àpòpọ̀ bàbà, nickel àti síǹkì. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí ó ti gbò jù, àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ tí ó wà lábẹ́ yóò ti máa yọjú.