Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Ṣe Bí Àbíkú

Àìsàn tí ó bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀ kì í ṣòro wò tó èyí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn sáfà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ bá láti gba ohun tí ó wà ní ìpamọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bá kó èsì ìdánwò sínú rẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò tò síwájú ọ́fíìsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí ẹni tí yóò tún un ṣe tó dé, yóò ti padà bọ̀ sípò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Àbíkú sọ olóògùn di èké.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé, bí ó bá ti já, wọn a sáré pa sáfà náà, wọn a sì tún un tàn. Lóòótọ́, ó lè jí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ìbá tọ́ka sí àrùn náà lè bá a lọ. Ìwé àti kálàmù ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí olùtọ́jú kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó já sílẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó padà, àti iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà.

Ohun kejì ni láti mọ ibi tí ọ̀nà ti já. Ètò kékeré kan tí ń jẹ́ ping, tí Mike Muuss kọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, wúlò fún èyí. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn, tí ó sì ń retí kí onílé dáhùn. Bí sáfà nìkan ni kò dáhùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni kí olùtọ́jú yẹ̀ wò. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà kankan tí ó dáhùn, ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé swíìṣì, àpótí tí gbogbo wáyà ti pàdé, ni ó ń ṣàìsàn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ó bá ń já nígbà tí wọ́n bá gbálẹ̀ tàbí tí wọ́n sún tábìlì, wáyà ni kí wọ́n fura sí. Kí wọ́n fi èyí tí ó dájú pé ó dára rọ́pò rẹ̀. Wáyà bàbà tí ó wọ́pọ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn ju 100 mítà lọ. Bí ping bá ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ń dí bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ó lè jẹ́ pé sáfà àti swíìṣì kò fi ìlànà kan náà sọ̀rọ̀: ọ̀kan ń sọ, ó sì ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì ń dúró kí ẹnìkejì rẹ̀ dákẹ́ kí ó tó sọ tirẹ̀.

Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jùlọ ni ọ̀ràn àdírẹ́sì. Ìlànà ARP, tí David Plummer gbé jáde ní ọdún 1982, ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń béèrè ẹni tí ó ni àdírẹ́sì kan. Ẹni tí ó bá dáhùn ni ìlànà náà ń gbà gbọ́. Kì í wádìí bóyá òtítọ́ ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ní àdírẹ́sì sáfà, sáfà lè máa kú nígbà tí onítọ̀hún bá tan tirẹ̀, kí ó sì máa jí nígbà tí ó bá pa á. Nígbà tí ó bá já, kí wọ́n yọ wáyà sáfà, kí wọ́n sì fi ping kan àdírẹ́sì rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣì dáhùn, olè orúkọ wà nínú ilé.

Ohunkóhun tí wọ́n bá fura sí, ẹyọ kan ni kí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà, swíìṣì àti àdírẹ́sì ní ọjọ́ kan náà, tí ara sáfà sì yá, kò sí ẹni tí yóò mọ oògùn tí ó wò ó sàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń já, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìgbà tí àkókò tí ó máa ń já bá kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láìsí wàhálà ni wọ́n tó lè sọ ọ́ ní Dúrójayé.