Páànù wo ló yẹ kó wà lórí ilé yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ òrùlé la gbé dé lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n lè bá wa kan páànù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ti ilé àwọn òbí wa. Kówó yẹn tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni síǹkì, ìyẹn irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Òun lowó rẹ̀ rọjú jù. Àmọ́ tí ohun tó bò ó bá ti ṣí, irin á dógùn-ún. Ẹ dúró lórí òkè Mápó n'Ibàdàn, ẹ ó rí páànù tó ti pọ́n lọ salalu. Létí òkun, bíi Lẹ́kí àti Àgbádárìgì, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ tún máa ń jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

Èkejì ni alumíníọ̀mù, tá à ń pè ní long span. Kì í dógùn-ún bí irin, ó fúyẹ́, wọ́n sì lè gé e gùn kí ìsopọ̀ má bàa pọ̀. Ibi ìsopọ̀ lòjò sábà máa ń gbà jò. Tẹ́ ẹ bá tú u lọ́jọ́ iwájú, àwọn tó ń ra àlòkù á rà á. Ó wọ́n ju síǹkì lọ ṣá.

Ẹ̀kẹta ni stone coated, irin tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́. Kì í pariwo púpọ̀ tójò bá ń rọ̀, àmọ́ ó gba owó gidi.

Ní ti ooru, páànù aláwọ̀ títàn máa ń dá oòrùn padà ju èyí tó dúdú lọ. Ẹ fi àjà sí i, kẹ́ ẹ sì fàyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba òkè àjà kọjá.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ nìyí o: bó ṣe nípọn tó. Ẹ sanwó mìlímítà 0.55, wọ́n gbé 0.45 fún yín. Ojú lásán ò lè dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún ọjà yín tó lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi maikirómítà wọ̀n ọ́n lójú yín. Tẹ́ ẹ bá jìnnà, kí wọ́n ṣe é lórí fídíò WhatsApp. Kẹ́ni tó ń bá yín rajà mú òòfà dání pẹ̀lú. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù.

Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà fi ìṣó irin lásán kan alumíníọ̀mù. Tómi bá ti kàn wọ́n pọ̀, ẹ̀bá ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Sìmẹ́ńtì tútù náà máa ń jẹ ẹ́, torí náà kí wọ́n rẹ́ ògiri òkè tán ná. Ẹ yẹ pákó wò pẹ̀lú, torí pákó tó ti jẹrà ò lè di páànù mú nígbà ìjì àkọ́rọ̀.

Tówó ò bá tíì tó, ká ní sùúrù díẹ̀ sàn ju ká kan òrùlé lẹ́ẹ̀mejì lọ, torí ìgbà méjì náà la ó sanwó káfíńtà. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń kọ́lé lọ́wọ́.