Òfin Tuntun Iowa Lórí Akọ àti Abo: Ohun Tó Yí Padà àti Ibi Tí Ẹ Lè Fẹjọ́ Sùn

Fún òṣìṣẹ́ àti ayálégbé

Láti ọdún 2007 ni òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, ti ń dáàbò bo àwọn tiransijẹ́ńdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara wọn sí obìnrin, tàbí tí wọ́n bí ní obìnrin tó mọ ara wọn sí ọkùnrin. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025, Gómìnà Kim Reynolds buwọ́ lu òfin tó yọ ààbò yẹn kúrò. Ọjọ́ 1 oṣù keje ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà ní bí wọ́n ṣe bí ènìyàn ni ìjọba yóò ṣe kà á, wọn kò sì ní yí i padà mọ́ nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Àwọn kan gbọ́ ọ sódì, wọ́n ní gbogbo ààbò ló ti lọ. Rárá o. Ẹni tí wọ́n bá dẹ́yẹ sí nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè tó ti wá, ọjọ́ orí tàbí àìlera ṣì lè fẹjọ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin.

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ló díjú jù. Ní 2020, nínú ẹjọ́ Bostock, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní ẹni tó bá lé òṣìṣẹ́ torí pé ó jẹ́ tiransijẹ́ńdà ti rú òfin àpapọ̀ ọdún 1964. Iowa kò lè fagi lé ìyẹn. Àmọ́ òfin àpapọ̀ kì í mú agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 15. Ti Iowa ń mú ẹni tó bá ti ní 4. Nítorí náà, iye òṣìṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ wo onígbàjámọ̀ kan tó jẹ́ tiransijẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù olóṣìṣẹ́ 8. Bí wọ́n bá lé e ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2025, ìpínlẹ̀ á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù keje ni, òfin ìpínlẹ̀ kò gbà á, ti àpapọ̀ náà kò gbà á.

Ní ti ilé gbígbé, ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n dá nínú ẹjọ́ Bostock.

Ọjọ́ 300 lẹ ní láti fi ẹ̀sùn iṣẹ́ sílẹ̀, láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Fún ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ kò ní gba ẹ̀sùn tó bá kọjá ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2026. Ọ̀fẹ́ ni fífi ẹ̀sùn sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ gan-an. Ẹ tọ́jú lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ní ẹ ṣe sùúrù, òun á yanjú rẹ̀, ẹ ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ máa ka ọjọ́. Bí EEOC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn iṣẹ́, bá sì fún yín níwèé pé ẹ lè lọ sí kóòtù, ọjọ́ 90 péré lẹ ní.