Ilé Ìkójọ Ẹ̀jẹ̀ àti Àwòrán Ara: Iṣẹ́ UK Biobank àti Ibi Tí Ó Ti Kan Ìbàdàn

Láàrin àwọn iléeṣẹ́ tí ìwádìí ìṣègùn òde òní gbára lé, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ dáadáa, nítorí pé kì í ṣe ilé ìwòsàn tí aláìsàn lè wọ̀ lọ gba ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yàrá àyẹ̀wò tí dókítà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí kí èsì lè padà wá. Biobank ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ibẹ̀ ni a ti ń kó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, itọ́ ẹnu, àwòrán inú ara àti àkọsílẹ̀ ìlera ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ, tí a sì ń tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí olùwádìí tí ó bá ní ìbéèrè lè rí ohun tí yóò fi wá ìdáhùn. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi ara wọn sílẹ̀ ni ara wọn le ní ọjọ́ tí wọ́n wá. Ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn ti dé lè sọ bí ara aláìsàn ti rí, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti sọ ohun tí ó ti wà nínú ara náà kí àrùn tó wọlé, àti ohun tí àrùn fúnra rẹ̀ bá a mú wá.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí ni UK Biobank, àjọ tí kì í ṣe fún èrè, tí àjọ Wellcome àti Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Bìrìtéènì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, tí Rory Collins, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford, sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí ní ọdún 2005. Láàrin ọdún 2006 sí 2010, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 9, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 40 sí 69, nǹkan bíi 500,000 nínú wọn sì jẹ́ ìpè náà ní ibùdó 22 tí a ṣí káàkiri England, Scotland àti Wales. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti itọ́ sílẹ̀, a wọn gíga wọn, ìwúwo wọn, ìfúnpá wọn àti bí ọwọ́ wọn ṣe lè di nǹkan mú tó, a sì bi wọ́n léèrè nípa oúnjẹ, iṣẹ́, sìgá àti oorun wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fọwọ́ sí níjọ́ náà ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n gbà kí iléeṣẹ́ náà máa wo àkọsílẹ̀ ìlera wọn lọ́dọ̀ NHS, ètò ìlera tí ìjọba ibẹ̀ ń ná owó rẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ mú, ẹni tí ó ní rọpárọsẹ̀, ẹni tí ó kú àti ohun tí ó pa á, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ní láti wá ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2014 ni iṣẹ́ àwòrán inú ara bẹ̀rẹ̀. A pe àwọn olùyọ̀ǹda kan padà sí ibùdó tí a kọ́ fún èyí, irú èyí tí ó wà ní agbègbè Stockport, Newcastle àti Reading, níbi tí ẹnì kan ti máa ń lò tó wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. A ya ọpọlọ, ọkàn àti inú ikùn wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI, èyí tí ó ń lo òòfà alágbára àti ìgbì rédíò láti fi àwòrán ẹran ara hàn láìlo ìtànṣán tí ó lè pa ara lára. A fi ìtànṣán X-ray tí kò lágbára wo bí egungun wọn ti ki tó. A sì fi ẹ̀rọ tí ń lo ìró wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn tí ó lọ sí orí. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n ya ẹni tí ó pé 100,000. Kò tíì sí iṣẹ́ àwòrán ara ènìyàn kankan tí ó tóbi tó èyí. Nítorí pé àwòrán orí lè fi ojú ẹni hàn, wọ́n máa ń yọ ojú kúrò nínú rẹ̀ kí olùwádìí tó rí i, orúkọ olùyọ̀ǹda kì í sì í bá a lọ.

Ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn kedere nígbà tí àrùn kòrónà dé. Láàrin ọdún 2020 àti 2021, oníṣègùn gbogbo ló ń gbọ́ pé àwọn tí àrùn náà mú kì í gbọ́ òórùn mọ́, tí iyè wọn kì í sì í já geere bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ọpọlọ wọn ti yàtọ̀ kí wọ́n tó ṣàìsàn, nítorí pé ta ni yóò ya àwòrán ọpọlọ ẹni tí ohunkóhun kò ṣe? UK Biobank ti yà á. Gwenaëlle Douaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford pe ènìyàn 785 padà, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 51 sí 81, tí a ti ya ọpọlọ wọn kí àjàkálẹ̀ àrùn náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún un yà. Àrùn kòrónà ti mú 401 nínú wọn láàrin àwòrán méjèèjì, kò mú 384 yòókù. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2022 fi hàn pé apá ọpọlọ tí ó níí ṣe pẹ̀lú gbígbọ́ òórùn àti ìrántí ti fẹ́lẹ́ sí i lára àwọn tí àrùn náà mú ju ti àwọn yòókù lọ, ìyàtọ̀ náà sì wà láàrin ìdá 0.2 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò dé ilé ìwòsàn rárá, àìsàn tí ó ṣe wọ́n kò le. Bí kò bá sí àwòrán àkọ́kọ́, tí a yà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ronú pé a óò nílò rẹ̀, èrò lásán ni gbogbo èyí ì bá jẹ́. Àwọn tí ó sanwó rẹ̀ ní ọdún 2014 dà bí àgbẹ̀ tí ó gbin obì láìmọ ẹni tí yóò pa á jẹ.

Àwọn ẹ̀ka mìíràn náà ti jàǹfààní. Àwòrán inú ikùn ti fi hàn pé ènìyàn méjì tí ìwọ̀n ara wọn bára mu lè yàtọ̀ gidigidi nínú ọ̀rá tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun wọn ká, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dà bí ẹni tí kò sanra lè máa gbé ewu kiri. Ní ti ọkàn, Wenjia Bai àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi àwòrán bíi 93,500 láti ara ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ọkàn, kí ó lè wọn bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde ti pọ̀ tó, ní ọdún 2018 ni wọ́n sì tẹ èsì jáde pé iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀jáfáfá ènìyàn.

Àdéhùn tí ó wà láàrin iléeṣẹ́ náà àti àwọn olùyọ̀ǹda yẹ fún àlàyé gígùn, nítorí pé ó lè dà bí ohun tí kò tọ́ lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A kì í fún wọn ní èsì àwòrán wọn. Ẹni tí a ya ọpọlọ, ọkàn àti ikùn rẹ̀ yóò lọ sílé láìgbọ́ ohun tí àwòrán náà sọ, àfi bí ẹni tí ń ya àwòrán bá ṣàdédé rí ohun tí ó lè jẹ́ ewu ńlá, tí ó fi pe àkíyèsí dókítà onímọ̀ àwòrán sí i, tí dókítà náà sì fara mọ́ ọn. Ìgbà náà ni a óò kọ lẹ́tà sí olùyọ̀ǹda àti dókítà rẹ̀. Kí ló dé tí a kò jẹ́ kí dókítà wo gbogbo rẹ̀? Wọ́n dán an wò lára 1,000 ènìyàn àkọ́kọ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ẹni tí ń ya àwòrán bá rí nìkan ni a tẹ̀ lé, ènìyàn 18 ni a rí ohun ìfura lára wọn. Nígbà tí dókítà wo gbogbo àwòrán, 179 ni. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé 21 péré nínú 179 náà ni ó ní àrùn tí ó le ní tòótọ́, tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn 158 ti fi ìbẹ̀rù sùn, tí àwọn kan sì ti la àyẹ̀wò tí kò pọn dandan kọjá. Síbẹ̀, nínú 18 ti ọ̀nà àkọ́kọ́, márùn-ún péré ni ó ní àrùn líle, tí a bá sì fi márùn-ún wé 21, a ó rí i pé ìpinnu náà kò wá láìsí ìnira. Ọ̀nà kejì ni ìbá wu ẹni tí ó wà nínú àwọn 21 náà, a kò sì lè bá a wí. Ìdí tí a fi lè gba ti iléeṣẹ́ náà ni pé wọ́n sọ ọ́ fún olùyọ̀ǹda kí ó tó fọwọ́ síwèé, àti pé NHS wà fún un ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá dá.

Ìṣòro tí ó ga jù wà níbòmíràn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí a kọ lẹ́tà sí, nǹkan bíi márùn-ún ààbọ̀ ni ó wá, àwọn wọ̀nyí sì ní ìlera àti owó ju àwọn ará ìlú wọn lọ. Ìdá tí ó ju 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ Òyìnbó. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà nínú 500,000 kò ju nǹkan bíi 8,000 lọ. Kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ ju ohun tí a fi hàn án lọ. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní King's College London, tí Esther Puyol-Antón ṣáájú wọn, yẹ àwòrán ọkàn ènìyàn 5,903 wò láti inú UK Biobank, wọ́n sì rí i pé kọ̀ǹpútà tí a fi àkójọ tí Òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ́ ń ṣe àṣìṣe lórí ọkàn aláwọ̀ dúdú ju bí ó ti ń ṣe lórí ti Òyìnbó lọ. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn ní Èkó, ara àwọn tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́.

Èyí kan àwọn Yorùbá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Àbùdá, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara tí ń darí bí ara ti ń ṣiṣẹ́, ní oríṣi kan tí a ń pè ní APOL1. Ní ọdún 2010 ni a fi hàn pé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ méjì tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn Yorùbá, tí a kì í sì í rí lára àwọn ará Yúróòpù, máa ń mú ewu àrùn kíndìnrín pọ̀ sí i fún ẹni tí ó bá jogún wọn láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gbógun ti irú kòkòrò tí ń fa àrùn oorun. Àkójọ tí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ nínú rẹ̀ kò lè jẹ́ kí a mọ bí kíndìnrín irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń yí padà lọ́dọọdún.

Ìbàdàn kò ṣàìfi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ o. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, láti mọ bí àbùdá àwọn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, ọgbọ̀n ìdílé Yorùbá ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tí ó ti dàgbà, ni ó yọ̀ǹda ara wọn, lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, àmì YRI tí a fi mọ wọ́n sì ti wọ inú àìmọye ìwé ìwádìí káàkiri ayé. Ilé ìwádìí Coriell ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni a tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wọn sí. Ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ ìlera tí ó bá ẹ̀jẹ̀ náà lọ, kò sí àwòrán, a kò sì mọ ẹni tí ó ṣàìsàn lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é nílé. Láti ọdún 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti Adesola Ogunniyi wà lára wọn, bá ẹgbẹ́ Hugh Hendrie ní Indianapolis dòwò pọ̀, wọ́n sì ń tọ àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 2,000 lẹ́yìn ní àdúgbò Ìdíkàn, ilé dé ilé, láti mọ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó yóò mú. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 sọ pé ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. APOE, àbùdá tí ẹ̀yà kan rẹ̀ jẹ́ ewu ńlá fún àrùn yìí láàrin àwọn Òyìnbó, kò fara hàn bí ewu ní Ìbàdàn nígbà àkọ́kọ́; ìgbà tí ọdún gorí ọdún ni a tó rí i pé ó ń ṣe àwọn tí ó jogún ẹ̀yà náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ẹsẹ̀ àti ìwé ni wọ́n fi ṣe èyí, nítorí pé kò sí ètò kan tí ó lè sọ fún wọn láti inú àkọsílẹ̀ pé ẹnì kan ti wọ ilé ìwòsàn tàbí pé ó ti kú.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀rọ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a óò máa pariwo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé MRI ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, tí iná kò sì dúró. Àwọn onímọ̀ ní Mbarara, ní Uganda, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Leiden àti Penn State to ẹ̀rọ MRI kékeré tí òòfà rẹ̀ kò nílò ìtutù líle tàbí iná púpọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí yóò tẹ̀ lé aláìsàn láti ìbùdó ìlera àdúgbò dé ilé ìwòsàn ìkọ́ni, tí yóò sì wà nínú ìwé ikú rẹ̀, ni UK Biobank bá nílẹ̀ kí ó tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, òun náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba.